Ẹni Tí Mi Ò Gbọdọ̀ Pè Lórúkọ

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi, àní bí mo bá darúgbó tí mo gbàgbé orúkọ ara mi. Oko adìyẹ kan lẹ́yìn Adégbayì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Òyìnbó obìnrin ló ni ín. Ó ní, "Ẹ máa pè mí ní Lísà. Gbogbo wa dọ́gba níbí." À ń pè é ní Lísà lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ ẹnu Lísà kan náà ló lè lé gbogbo wa lọ sílé kílẹ̀ tó ṣú.

Ó fi mí ṣe alámòójútó, ó ní òun á kọ́kọ́ fi oṣù kan wò mí. Iṣẹ́ náà ká mi lára: ọmọ ọwọ́ wà lọ́wọ́ mi, iṣẹ́ sì ti bọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àbúrò ọkọ mi obìnrin, tí kò tí ì pé ogún ọdún, wà lára àwọn tí mo ń pàṣẹ fún. Nílé wa, ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Ìbàdí-àrán ni mo ń pè é. Màá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, màá wá rán an níṣẹ́ tá a bá dóko. Ẹ bá mi wò ó!

Lọ́jọ́ tí oṣù pé, Lísà dúró tì mí, ó ń wò mí. Ìbàdí-àrán gbé omi wọ ilé adìyẹ, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Adìyẹ kan yọjú. Méjì tẹ̀ lé e.

"Ìbàdí-àrán, ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀kùn," ni mo rọra wí.

"Mò ń bọ̀, ìyàwó wa." Ó fọwọ́ kan gbé bàsíà omi, ó ń fi ìkejì tẹ fóònù.

Lísà fi èdè òyìnbó bi mí pé, "Ta ni ọ̀gá nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

"Láti géètì wọlé, èmi ni. Láti géètì síta, òun ni."

Lísà ní, "Pè é ní orúkọ rẹ̀ gan-an!"

Mo dijú, mo ké: "Ràṣídátù!"

Àyà rẹ̀ já, bàsíà omi fò lọ́wọ́ rẹ̀, ariwo bàsíà sì lé gbogbo adìyẹ yòókù síta. Ìgbà tí mo máa lajú, ìyá ọkọ mi ni mo rí lẹ́nu géètì, tí wọ́n pọn ọmọ mi wá mu ọmú.

"Ta ló pe ọmọ mi lórúkọ?"

Mo kúnlẹ̀ gbì sórí ìgbẹ́ adìyẹ, mo ń bẹ Ìbàdí-àrán. Lísà káwọ́ lérí.

Ìyá wo adìyẹ, wọ́n wo èmi náà. "Ìyàwó, dìde. Ràṣídá, lọ mú adìyẹ! Nínú ọgbà yìí, tó bá pè ọ́ lórúkọ, kó o jẹ́ ẹ." Wọ́n wá yíjú sí òyìnbó. "Lísà, ìwọ náà, bẹ̀rẹ̀ kó o mú tìẹ. Ṣebí ẹ lẹ́ ẹ dọ́gba."

Lísà ò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ó gbọ́ ohùn yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó nàró, adìyẹ lábíyá, ó rọra bi mí pé, "Ṣé màmá yìí ò wáṣẹ́ ṣá?"

Mo ríṣẹ́ náà gbà. Ohun tí mo sì kọ́ ni pé kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń pè lórúkọ, tàbí ẹni tí wọn ò gbọdọ̀ pè lórúkọ, ni ọ̀gá. Ẹni tó bá ní "dìde," tí gbogbo ayé dìde, ni ọ̀gá.

Lálẹ́ ọjọ́ náà nílé, Ìbàdí-àrán yọrí lójú fèrèsé. "Ìyàwó wa, omi ìwẹ̀ mi dà?"

Mo kúnlẹ̀, mo gbé e fún un. Ẹ̀rín ló pa mí, mi ò jẹ́ kó gbọ́.