Òòlù Ilé Kejì

Ọdún tuntun kù sí dẹ̀dẹ̀. Fusae kúnlẹ̀ ti odó, omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Tokuji, ọkọ ọmọ rẹ̀, ló gbé òòlù igi tí wọ́n fi ń gún ìrẹsì sísè di mochi, oúnjẹ ọdún wọn, sókè. Bí ó bá gún ìrẹsì náà lẹ́ẹ̀kan, Fusae á ki ọwọ́ bọ odó, á yí i, á sì sáré yọ ọwọ́ kí òòlù tó tún balẹ̀. Ọwọ́ tó fi ń jẹun náà ni o! Lẹ́yìn ọgbà, ilé Nishimori ń gún tiwọn.

Gbì! Díẹ̀ báyìí ló kù kí ó bá ọwọ́ rẹ̀.

"Tokuji! Ṣé o fẹ́ gún mi mọ́ ìrẹsì ni?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ̀yin lẹ pẹ́."

"Èmi pẹ́? Láti ìgbà ọmọge ni mo ti ń yí mochi, ìka mi ṣì pé! Ta lò ń tẹ̀lé?"

Tokuji na ẹnu sí ọgbà. "Ilé kejì. Tiwọn dùn létí."

"Yéè! Ọwọ́ mi ló wà nínú odó, tiwọn lò ń gbọ́!"

"Ṣebí bákan náà ni?"

"Bákan náà kẹ̀? Fetí sílẹ̀." Fusae fọwọ́ lu etí odó. "Tiwa: gbì… sinmi… gbì. Tiwọn: gbì-gbì-gbì, bí ẹni tí ajá ń lé."

Tokuji dijú, ó ń mi orí. "Mo ti gbọ́ ọ, Màmá. Kò síyàtọ̀."

"Háà! Ta ló tiẹ̀ fọmọ mi fún ọ?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ìrẹsì ń tutù! Fi òwú dí etí, ojú mi ni kí o máa wò."

Ó dí i pinpin. Gbì! Gbì!

"Dúró! Mo ní dúró!"

"Ẹ ní kí n yára?" Gbì-gbì-gbì!

Fusae fò sẹ́yìn. Ó gba òòlù, ó sì fa òwú yọ létí Tokuji. "Ó tó. Ìwọ wá yí i."

Tokuji kúnlẹ̀ ti odó. "Màmá, ẹ rántí pé mo níyàwó o."

Gbì… gbì… Lẹ́yìn ọgbà, àwọn Nishimori tún ki eré mọ́ ọn. Kí Fusae tó mọ̀, apá rẹ̀ ti bá wọn lọ. Gbì-gbì-gbì!

"Yéè, ìka mi o!" Tokuji ki ìka bọ ẹnu, ó sì yọ ọ́ kíá. "Mo mú yín! Ẹ̀yin náà ń tẹ̀lé wọn!"

Ojú ti Fusae, torí òótọ́ ni. Ó rọra gbé òòlù kalẹ̀.

"Èmi? Mi ò tẹ̀lé ẹnikẹ́ni o. Èyí tó bà ọ́ yẹn, mo dìídì gún ọ ni."