Bí Mo Ṣe Sọ Àdúgbò Wa Di Pápá Ọkọ̀ Òfuurufú

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé, bí mo tilẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó kúrò. Títí di òní, tí mo bá rí agolo ọ̀dà pupa níbì kan, ẹ̀gbẹ́ kejì títì ni mo máa ń gbà kọjá.

Tíṣà ni mí, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìkòsí. Lọ́sẹ̀ tí mò ń wí yìí, mò ń kọ́ àwọn ọmọ nípa pápá ọkọ̀ òfuurufú Ìkẹjà: bí àwọn òyìnbó ṣe ṣán igbó ibẹ̀ nígbà ogun Hítílà, kí ọkọ̀ àwọn ológun lè rí ibi bà sí. Mo ṣàlàyé títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Àwọn kan ń yán. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Uncle, ṣé ó gùn tó pápá bọ́ọ̀lù wa?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo ní mo máa fi hàn wọ́n. Mo pinnu láti wọn pápá náà sójú títì wa, láti géètì ilé ìwé títí dé ibi tí títì tán sí, kí wọ́n lè fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn ín lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Òjò á fọ ṣọ́ọ̀kì nù, ni mo bá rántí ọ̀dà pupa tó ṣẹ́kù nígbà tí ilé ìwé ṣe eré ìdárayá. Ìdájí Sátidé, mo gbé agolo, mo mú búrọ́ọ̀ṣì, mo sì ń fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn sára fẹ́ǹsì kan tẹ̀ lé òmíràn, àmì kan fún gígùn ọkọ̀ òfuurufú kan. Mo tún kọ nọ́ńbà sí wọn lábẹ́. Mo ń súfèé bí mo ṣe ń ṣe é.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Èkó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Bí wọ́n bá fi ọ̀dà pupa fa irú àmì bẹ́ẹ̀ sára ilé èèyàn, ìjọba fẹ́ wá wó o ni, katakata tó ń wó ilé sì ti wà lọ́nà. Èmi tí wọ́n bí sí Kétu, l'Ékòó níbí, ni kò rántí.

Mo lọ ra tòmátì ní ọjà Mile 12. Nígbà tí mo padà dé, àdúgbò ti dà rú. Téláà wa gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sórí, ó ń sáré. Bàbá kan ń yọ fèrèsé ilé rẹ̀.

"Tíṣà, wọ́n ti sàmì sí wa o!" Alága àwọn onílé ló ń pariwo bẹ́ẹ̀.

"Àwọn wo, sà?"

"Ìjọba ni! Ìdájí ni wọ́n wá, bí olè."

Ẹnì kan búra pé òun rí wọn, pé ọkọ̀ ńlá ńlá ni wọ́n gbé wá. Sílípáàsì lásán ni mo wọ̀ láàárọ̀ yẹn. Mo bá wọn mi orí. Nígbà tí wọ́n ṣépè fún ẹni tó kun ọ̀dà náà, mo bá wọn ṣẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n mo rọra ṣẹ́ ẹ. Èrò mi ni pé màá fi kẹrosíìnì nu gbogbo rẹ̀ tí ilẹ̀ bá ṣú, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀.

Bí mo ṣe dé iwájú ilé wa báyìí, káfíńtà méjì wà lórí òrùlé. Àlhájà, onílé mi, tó fi owó tòmátì kọ́ ilé yẹn ní búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan, dúró sísàlẹ̀, ó ń dárí wọn.

"Ẹ rọra yọ ọ́ o! Kí wọ́n wó ògiri, wọn ò ní rí páànù mi wó!" Ó rí mi. "Tíṣà, má bínú. Òkè yàrá ẹ la ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló rọrùn gùn."

Mo sáré wọlé. Mo gbójú sókè, sánmà ni mo rí, ó sì ti ṣú dùdù. Ẹ̀kán òjò kan bọ́ sí mi nímú. Mo wo bẹ́ẹ̀dì mi, mo wo àwọn ìwé mi, mo sì ta síta.

"Ẹ dúró! Ẹ dá a padà! Èmi ni! Èmi ni ìjọba!"

Gbogbo àdúgbò yíjú sí mi. Mo ṣàlàyé, mo ń kálòlò. Alága wo ṣòkòtò mi, ó rí ọ̀dà pupa lórí orúnkún.

"Ọkọ̀ òfuurufú wo ló fẹ́ bà sí fẹ́ǹsì mi?"

"Ti ogun Hítílà ni, sà."

"Ogun tó ti parí kí wọ́n tó bí ẹ! Ìwọ wá ń tún un jà ní Ìkòsí?"

Téláà wò mí bí ẹni pé ó fẹ́ ju ẹ̀rọ orí rẹ̀ lù mí. Òjò ló gbà mí lọ́wọ́ wọn. Gbogbo wa la dìde, a ń na páànù sáwọn káfíńtà, a ń gbé ìwé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, omi ń dà lára wa.

Nígbà tí òjò náà dá, Àlhájà pè mí sí pálọ̀. Mo rò pé ó fẹ́ lé mi ni.

"Ṣé o mọ̀ pé oko bàbá mi wà nínú pápá tí ò ń wí yẹn?" ó ní. "Ó jí lọ sóko lọ́jọ́ kan, ó bá èèkàn àwọn tó ń wọn ilẹ̀ láàárín ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Kó tó hú ẹ̀gẹ́ yẹn tán, ilẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Títí tó fi kú ló ń sọ ọ́. Bí mo ṣe rí àmì yẹn lára fẹ́ǹsì mi, mi ò dúró bèèrè ohunkóhun."

Ojú tì mí gan-an. Láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ni ní ìtàn pápá yẹn, mi ò rò ó rí pé ẹnì kan ń jẹun níbẹ̀ kí ọkọ̀ òfuurufú tó dé. Mo bẹ Àlhájà, mo dọ̀bálẹ̀, mo tún bẹ̀ ẹ́ pé kó wá sọ ọ́ fún àwọn ọmọ.

Gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè ni mo fi fọ fẹ́ǹsì. Ní Mọ́ńdè, Àlhájà jókòó síwájú kíláàsì mi, ó sọ ìtàn oko bàbá rẹ̀, kò sì sọ́mọ tó yán. Ọ̀kan tiẹ̀ ń bèèrè bóyá wọ́n sanwó ẹ̀gẹ́ náà.

Mo ti kọ́gbọ́n. Kí n tó fọwọ́ kan ògiri ẹnikẹ́ni, màá kọ́kọ́ lọ kí onílé. Ṣùgbọ́n páànù òkè yàrá mi ò bọ̀ sípò dáadáa mọ́, ó ṣì ń jò. Nígbàkigbà tí mo bá lọ ráhùn, Àlhájà á wò mí láti òkè délẹ̀, á ní kí n lọ sọ ọ́ fún ìjọba. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá sì lọ gbé abọ́ sábẹ́ ibi tó ń jò.