Bọ́ílà Tó Ṣe Àmín

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ? Ẹ má wulẹ̀ dáhùn, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Èmi ni kí ẹ bi. Mansẹ́sítà lọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, nínú òtútù, lọ́jọ́ tí Akínlàjà fẹ́ sọ àkọ́bí rẹ̀ lórúkọ.

Bàbá Akínlàjà ti Ìkìrun wá, ó sì ti mú orúkọ dání láti ilé: Ilétutù. Ṣebí ilé tutù, ọ̀nà tutù là ń tọrọ? Nígbà tí ẹbí pé, Bàbá gbé omi ìkómọ sókè, ó ní, "Ilé yìí á tutù o! Kò ní gbóná mọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀!"

"Àmín!"

Bọ́ílà, ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru tó sì ń gbé omi ìwẹ̀ kaná, náà ṣe àmín tirẹ̀. Ó ní "gbulu-gbulu", ó kú.

Kò pẹ́ tí ètè ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́jọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ká má purọ́. Bẹ́ẹ̀ ìdílé wọn kì í yẹ ọjọ́ ìkómọ, wọn ò sì lè tú aṣọ lára ọmọ fún omi ìkómọ nínú irú òtútù yẹn.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," Akínlàjà ní, "mo mọ ẹ̀rọ yìí bí ẹní mowó." Ó tẹ bọ́tìnnì. Gbulu-gbulu, ó kú. Ó tún un tẹ̀, ó tún kú. Ó gbá a létí, ìdérí rẹ̀ já bọ́ lé e lẹ́sẹ̀.

Bàbá ní àdúrà òun ló fà á, òun á kó o padà. "Ilé yìí ò ní tutù mọ́ o! Á gbóná janjan!"

Àǹtí Àyọ̀ká, ẹ̀gbọ́n Akínlàjà, fò dìde. "Ta ló máa ṣe àmín sí ìyẹn? Kílé àbúrò mi gbóná? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Wọ́n ń jà lórí àmín, Ìbídùn ìyá ọmọ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ yìí máa ń da omi nù síta. Ohùn ẹni tí omi há sí lọ́fun ló ń ṣe. Ẹ jáde, ẹ lọ wo ilé!"

Tagbádá tagbádá ni wọ́n fi yí ilé ká. Lẹ́yìnkùlé, ẹnu ọ̀pá tí omi ẹ̀rọ ń gbà jáde ti di yìnyín gbagidi. Akínlàjà ti gbé omi híhó bọ̀.

"Olówó orí mi, ìyẹn á mú ọ̀pá náà là!" Ìbídùn ké láti ojú fèrèsé. "Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni!"

Wọ́n rọra ń dà á. Yìnyín já, ó bọ́ lé ẹsẹ̀ Akínlàjà, èyí tí ìdérí ṣe léṣe gan-an. Wọ́n tú gèlè Àǹtí Àyọ̀ká, wọ́n fi wé ọ̀pá kó má baà dì mọ́. Akínlàjà tiro wọlé, ó tẹ bọ́tìnnì. Iná ràn!

Bàbá gbé ọmọ, ó lanu. "Orúkọ rẹ ni Ilé…" Ó wo bọ́ílà, ó wo ẹsẹ̀ Akínlàjà, ó wo orí Àǹtí tí kò ní gèlè.

"…móoru! Ilémóoru!"

Àǹtí ló kọ́kọ́ ṣe àmín. Bàbá nu òógùn. "Ẹ̀yin ọmọ mi," ó ní, "ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ."