Lẹ́tà Ìfẹ́ Tí A Fi Awọ Rán

Ọjọ́ Jímọ̀ kan wà tó dá mi lójú pé yóò bá mi dé sàréè. Bí mo bá rántí rẹ̀ níbi tí mo ti ń fọ abọ́, mo máa ń fi omi sílẹ̀ kí n fọwọ́ bojú.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà náà. Mo parí ìwé girama ní Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá mi sì ránṣẹ́ pè mí wá sí Niamey, ní orílẹ̀-èdè Niger, láti máa bá òun ta aṣọ ní ọjà Katako. Ọjà ò yá. Bàbá mi wá lọ bá Àfáà, ará Ìlọrin tó ní ilé kéú ní àdúgbò Koira Kano, pé kó kọ àdúrà ìtajà sínú tákàdá fún òun. Àfáà ní kó fún òun ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Àfáà yìí ní ọmọkùnrin kan, Ràṣídì, tí wọ́n bí sí Niamey. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́ ló máa ń ya ìsọ̀ wa. Á ní kí n tú aṣọ aláwọ̀ ewé kan fún òun wò, á wò ó títí, kò sì ní rà á. Èmi ni mo máa ń ká a padà. Mo rò pé ahun ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ki tákàdá kan bọ̀ mí lọ́wọ́, òógùn bò ó bí ẹni tó ru irin. Ó ní, “Gbà, jọ̀ọ́,” ó sì sá lọ.

Mo tú u. Ojú ìwé mẹ́ta ni, lẹ́tà Lárúbáwá ló kún un fọ́fọ́. Ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni mo dá mọ̀: Bísímílà. Kí lẹ fẹ́ kí n rò? Mo ní àdúrà bàbá mi ti dé. Èmi tí mo ka ìwé dé girama ò mọ̀ pé èèyàn lè fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá.

Bàbá mi fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó fi kan iwájú orí, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ awọ. Wọ́n rán an ní tírà pupa, ó sì kọ́ ọ sókè ẹnu ọ̀nà ìsọ̀. Àjálù ibẹ̀ ni pé ọjà yá. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan wá láti Plateau, àdúgbò àwọn olówó ní Niamey, ó ra ìgàn ankara mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ràṣídì padà wá.

“Répọ́nsì ńkọ́? Kí ni èsì?”

“Bàbá mi ní kí n dúpẹ́ gan-an. Wọ́n ní ó ti ń ṣiṣẹ́.”

“Bàbá rẹ rí i?”

“Gbogbo ọjà ló ti rí i. Òun ló wà lókè yẹn.”

Ó gbójú sókè wo tírà, ó di òpó mú. Mo rò pé ìbẹ̀rù Ọlọ́run ni.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Àfáà níwájú èèyàn. Àfáà ní òun ò tíì fọwọ́ kan tàdáwà ìkọ̀wé. Inú bí i. Ta ló ń fi orúkọ òun kọ tírà kiri? Ó wọ́ tọ̀ wá wá sí ìsọ̀, Ràṣídì ń gbé ẹní ìrun tẹ̀lé e. Wọ́n já tírà sílẹ̀, wọ́n fi abẹ là á. Àwọn ọlọ́jà pé bò wá.

“Ẹ kà á sókè, Àfáà, ká lè ṣe àmín,” ni bàbá mi wí.

Àfáà kà á kí ó tó ronú. “‘Láti ọjọ́ tí mo ti rí ọ, oúnjẹ kì í gba ọ̀fun mi mọ́.’”

“Àmín!”

“‘Mo máa ń ní kí o tú aṣọ tí mi ò ní rà, kí n lè máa wo ọwọ́ rẹ.’”

“Àmín o!”

Bí a ṣe ṣe àmín sí odidi ojú ìwé méjì nìyẹn.

“Ẹ dákẹ́ ná!” Ìyá Mùínà, tó ń ta ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ló pariwo. “Àdúrà wo lẹ ń gbà? Ọmọkùnrin kan ló ń kú lọ yìí!”

Àfáà yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Ìwọ lo kọ èyí?”

“Èmi ni, Bàbá.”

“O sì fi Bísímílà lé e lórí?”

“Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa fi bẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo.”

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín. Àfáà ká tákàdá náà, ó ní òun máa fi omi fọ̀ ọ́ nù, àti pé Ràṣídì ò gbọdọ̀ gba ọ̀nà ìsọ̀ wa mọ́ láéláé. Ràṣídì gbé ẹní ìrun sílẹ̀. Ó ń wò mí. Bàbá mi náà wò mí. “Ìwọ ńkọ́? Kí lo rí sí i?”

Èmi tí wọ́n ń pè ní Odi nílé ìwé, mo gbọ́ ohùn ara mi: “Ojú ìwé mẹ́ta ni. Méjì ni wọ́n kà.”

Ìyá Mùínà fi ṣíbí lu ìkòkò. “Ẹ kà á tán! Ẹni tó ni lẹ́tà ti sọ̀rọ̀!”

Àfáà tú u padà. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Ràṣídì fi parí lẹ́tà náà: ṣé mo máa fẹ́ òun? Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Gbogbo wọn ń wo ẹnu mi.

“Àmín,” ni mo wí.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò gùn. Bí ẹnikẹ́ni bá ki ìwé tí ẹ ò lè kà bọ̀ yín lọ́wọ́, ẹ di aṣọ rẹ̀ mú, kí ẹ bi í léèrè kó tó sá. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, Ràṣídì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka lẹ́tà Lárúbáwá, kí irú rẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀. Títí di òní ló ń kọ̀wé sí mi, á fi sílẹ̀ lórí tábìlì kó tó jáde. Ti àárọ̀ yìí kò ju ìlà kan lọ: “Àlùbọ́sà ti tán.” Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo rẹ́rìn-ín ara mi, mo gbé agbọ̀n.