Kárọ́ọ̀tì Lórí Jẹ́nsinmi

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí ìyàwó Bàbá Télọ̀ ti lọ bá ọmọ wọn obìnrin tọ́ ìkókó, tó fi ilé àti ajá lé ọkọ lọ́wọ́. Ajá kò jẹun dáadáa mọ́, ni Bàbá bá fi fóònù gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn àwọn ẹranko. Ní ọjọ́ kẹta, nọ́ọ̀sì yà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, báàgì lọ́wọ́, láti wo ibi tí ìmọ̀ràn náà já sí.

NỌ́Ọ̀SÌ: (ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà) Ẹ káàsán, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́ o.

BÀBÁ TÉLỌ̀: (kò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ) Ọ̀ọ́, ọmọ mi. Dìde, dìde. Rọra tẹlẹ̀ o, abẹ́rẹ́ pọ̀ níbẹ̀.

NỌ́Ọ̀SÌ: Aláìsàn wa dà?

BÀBÁ TÉLỌ̀: Ó wà lábẹ́ tábìlì. Jẹ́nsinmi! Jáde wá kí ẹ̀gbọ́n ẹ.

(Ajá rọra yọ jáde láàárín àwọn àkísà. Nǹkan kan tó ní àwọ̀ ọsàn gbẹ mọ́ ọn ní àtàrí, láàárín etí méjèèjì.)

NỌ́Ọ̀SÌ: Bàbá, kí ló wà lórí ajá yìí?

BÀBÁ TÉLỌ̀: Kárọ́ọ̀tì tí o ní kí n lò ni.

NỌ́Ọ̀SÌ: Èmi?

BÀBÁ TÉLỌ̀: Ṣé o ti gbàgbé ni? O ní, “Bàbá, bí ẹ bá ti bu oúnjẹ ajá tán, ẹ se kárọ́ọ̀tì, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ wá bù ú lé e lórí.” Mo sè é, mo lọ̀ ọ́, mo bù ú lé e lórí.

NỌ́Ọ̀SÌ: Orí oúnjẹ, Bàbá! Orí oúnjẹ ni mo wí!

BÀBÁ TÉLỌ̀: Oúnjẹ tún ní orí? Ìṣó lórí, mo gbà. Abẹ́rẹ́ lójú, ìgò lọ́rùn, àga lẹ́sẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ń jẹun, n ò tíì rí oúnjẹ tó lórí. Ajá ló lórí nínú ọ̀rọ̀ tí o sọ.

NỌ́Ọ̀SÌ: (ó fọwọ́ kan orí ajá) Ó tiẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Kí lẹ fi lọ̀ ọ́?

BÀBÁ TÉLỌ̀: Áyọ́ọ̀nù.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ fi áyọ́ọ̀nù lọ kárọ́ọ̀tì!

BÀBÁ TÉLỌ̀: Télọ̀ lo ní kó lọ nǹkan. Kí lo fẹ́ kí n fi lọ̀ ọ́, ọmọọlọ?

NỌ́Ọ̀SÌ: Ajá náà sì dúró kí ẹ bù ú lé òun lórí?

BÀBÁ TÉLỌ̀: Lẹ́ẹ̀kìíní, ó gbọnrí, ó ta á sára ṣòkòtò oníbàárà. Ìdí nìyẹn tí mo fi rán èyí. (Ó fa fìlà kékeré kan yọ nínú dúrọ́ọ̀, ihò méjì lára rẹ̀.) Kó lè máa fi bò ó mọ́lẹ̀, kí oògùn ráyè wọlé. Mo dá ihò etí sí i.

NỌ́Ọ̀SÌ: (ó fọwọ́ bo ẹnu) Bàbá. Ẹ rán fìlà fún ajá.

BÀBÁ TÉLỌ̀: Ó bá a mu ju èyí tí ọkọ ẹ dé níjọ́ ìgbéyàwó yín lọ.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ fi ọkọ mi sílẹ̀. Ẹyin tí mo ní kí ẹ sè fún un ńkọ́?

BÀBÁ TÉLỌ̀: Mo sè é. Mẹ́rin.

NỌ́Ọ̀SÌ: Mẹ́rin kẹ̀? Ẹyin kan lọ́sẹ̀ ni mo pè!

BÀBÁ TÉLỌ̀: Ẹyin kan lẹ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ka ẹsẹ̀ ẹ̀.

NỌ́Ọ̀SÌ: Lọ́sẹ̀, Bàbá! Ọ̀sẹ̀! Ọjọ́ méje!

BÀBÁ TÉLỌ̀: Háà. Mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kì í ṣe ọ̀kùn ni mò ń sìn.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ṣé ó jẹ wọ́n?

BÀBÁ TÉLỌ̀: Kò fẹnu kàn án. Ó gbóòórùn, ó wò mí lójú, ó padà sábẹ́ tábìlì. Onígbàjámọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì ló bá wa jẹ ẹ́.

NỌ́Ọ̀SÌ: (ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ajá lágbọ̀n mú) Ẹ jẹ́ n wo eyín.

BÀBÁ TÉLỌ̀: Ẹyin wo tún ni? Mo ní onígbàjámọ̀ ti jẹ ẹ́.

NỌ́Ọ̀SÌ: Eyín, Bàbá! Eyín ẹnu!

BÀBÁ TÉLỌ̀: Tòun náà tilẹ̀ ti ká.

(Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀. Ó wo ẹnu ajá, ó wo etí, ó tẹ ikùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ajá jókòó jẹ́ẹ́, ojú rẹ̀ kò kúrò lára Bàbá.)

NỌ́Ọ̀SÌ: N ò rí egbò kankan. Bàbá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Kí lẹ ń ṣe nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù?

BÀBÁ TÉLỌ̀: Mò ń rán ṣòkòtò ni. Ẹ̀rọ ń dún. Mo gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹ, mo gbọ́ ìparí ẹ̀. Àárín tó ya ni mo fi ọgbọ́n orí mi rán pọ̀.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ̀rù ti ń bà mí láti béèrè èyí tó kù. Ẹ̀dọ̀ adìyẹ ńkọ́?

BÀBÁ TÉLỌ̀: A lọ.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ lọ síbo?

BÀBÁ TÉLỌ̀: Ọ̀dọ̀ adìyẹ. Ìwọ lo ní kí n wá ọ̀dọ̀ adìyẹ fún un. Onígbàjámọ̀ ní adìyẹ mẹ́fà lẹ́yìnkùlé ẹ̀. Mo gbé àpótí, mo mú ajá dání, àwa méjèèjì jókòó tì wọ́n. Mo rò pé o fẹ́ kó kọ́kọ́ fi ojú jẹ ẹ́, kí ẹnu ẹ̀ lè rántí iṣẹ́.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀?

BÀBÁ TÉLỌ̀: Àkùkọ lé wa. Ajá ló ṣáájú, èmi ni mo kẹ́yìn. Ọmọ mi, ó ti tó ogún ọdún tí mo ti sáré gbẹ̀yìn. Mo rò pé àkùkọ náà wà lára ìtọ́jú ni.

NỌ́Ọ̀SÌ: (ẹ̀rín ti fẹ́ pa á) Ẹ̀-dọ̀, Bàbá! Ẹ̀dọ̀ inú adìyẹ! Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Ẹ dá ẹ̀rọ yẹn dúró. Ẹ ní agbára yín ò ká ẹran ajá inú agolo, àbí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀?

BÀBÁ TÉLỌ̀: Agolo yẹn wọ́n ju aṣọ tí mò ń rán lọ.

NỌ́Ọ̀SÌ: Kò ṣòro. (Ó nawọ́ sí àpò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.) Bisikíìtì ajá inú àpò yìí ṣì ni oúnjẹ ẹ̀. Ohun tí à ń fi kún un kàn ń mú kó dùn, kó sì ṣe é lóore ni, ẹ ò sì ní wá a jìnnà. Kárọ́ọ̀tì tó wọ́, tí oníbàárà ò fẹ́ mú, ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń ta á. Elégédé díẹ̀. Ẹ̀dọ̀ adìyẹ díẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ ò gbọdọ̀ ju ìdámẹ́wàá lọ.

BÀBÁ TÉLỌ̀: Ìdámẹ́wàá! Ajá tí kò ríṣẹ́ ṣe! Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ gan-an, pásítọ̀ ṣì ń wá mi.

NỌ́Ọ̀SÌ: Kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì! Bí oúnjẹ ajá bá jẹ́ ṣíbí mẹ́wàá, kí ṣíbí kan péré jẹ́...

BÀBÁ TÉLỌ̀: (ó kígbe lójijì) Jẹ́nsinmi!

NỌ́Ọ̀SÌ: (ó wo ilẹ̀) Ẹ má bínú, Bàbá. Mo fẹ́ kó yé yín ni.

BÀBÁ TÉLỌ̀: Ìwọ kọ́. Ajá ni mò ń pè. Ó fẹ́ dùbúlẹ̀ lé aṣọ aláṣọ. Máa sọ̀rọ̀ ẹ lọ.

NỌ́Ọ̀SÌ: Mo ní, ṣíbí kan nínú mẹ́wàá. Kò gbọdọ̀ sí àlùbọ́sà níbẹ̀, májèlé ni fún ajá. Kò gbọdọ̀ sí ááyù. Ẹ ò sì fi iyọ̀ sí i, àbí?

(Bàbá Télọ̀ ń fọwọ́ pa ìṣẹ́tí aṣọ tó wà níwájú rẹ̀.)

BÀBÁ TÉLỌ̀: Iyọ̀?

NỌ́Ọ̀SÌ: Iyọ̀. Mo ní ẹ ò gbọdọ̀ fi iyọ̀ sí i rárá.

BÀBÁ TÉLỌ̀: Ayọ̀ ni mo gbọ́.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ ní kí ni?

BÀBÁ TÉLỌ̀: “Ẹ ò gbọdọ̀ fi ayọ̀ sí i rárá.” Bó ṣe dé etí mi nìyẹn. Mo máa ń súfèé fún un tẹ́lẹ̀ bí mo bá ń bu oúnjẹ ẹ̀. Mo ti dáwọ́ ẹ̀ dúró. Bó bá ju ìrù sí mi, mo máa ń kọjú sí ògiri. Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí mo ti ń lejú mọ́ ọn. Èyí ló nira jù nínú gbogbo ẹ̀, àmọ́ mo ní ẹ̀yin tí ẹ kàwé lẹ mọ ìdí ẹ̀.

(Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu nọ́ọ̀sì. Ó jókòó lórí àpótí.)

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Àṣìṣe mi ni. Ó yẹ kí n kọ ọ́ sínú ìwé.

BÀBÁ TÉLỌ̀: Ìwé ò ṣòro. Wo èyí. (Ó ṣí ìwé ìwọ̀n àwọn oníbàárà.) Mò ń wọn òun náà. Ìbàdí ẹ̀ lọ́jọ́ tí màmá ẹ lọ, ínṣì mẹ́tàlélógún. Lónìí, mọ́kànlélógún. Bí màmá ẹ bá dé Sátidé, tó bá a báyìí, kí ni n ó sọ? Òun ló tọ́ ajá náà láti kékeré.

(Nọ́ọ̀sì wo ìwé náà. Ó wá wo ṣòkòtò Bàbá: pín-ìnnì méjì ló fi mú un nídìí kó má baà jábọ́. Ó yọ téèpù lọ́rùn Bàbá.)

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ dìde, ẹ jẹ́ n wọ̀n yín.

BÀBÁ TÉLỌ̀: Kí ló dé? Èmi kì í ṣe ajá.

NỌ́Ọ̀SÌ: Mo mọ̀. Ajá kì í ṣàwáwí. Ẹ dìde. (Ó wọ̀n ọ́n, ó sì wọn ìbàdí ṣòkòtò rẹ̀.) Ẹ wò ó. Ẹ̀yin náà ti fi ínṣì méjì sílẹ̀. Kí lẹ jẹ lónìí?

BÀBÁ TÉLỌ̀: Búrẹ́dì.

NỌ́Ọ̀SÌ: Kí lẹ fi jẹ ẹ́?

BÀBÁ TÉLỌ̀: Ọwọ́.

NỌ́Ọ̀SÌ: Lánàá ńkọ́?

BÀBÁ TÉLỌ̀: Ìyókù tàná ni mo jẹ lónìí.

NỌ́Ọ̀SÌ: Nígbà tí Màmá wà nílé, ibo ni Jẹ́nsinmi ti máa ń jẹun?

BÀBÁ TÉLỌ̀: Lẹ́sẹ̀ tábìlì. Màmá ẹ á gbé tèmi, á gbé tiẹ̀, á wá gbé ti ajá sílẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ ń jẹ ẹ́.

NỌ́Ọ̀SÌ: Báyìí ńkọ́?

BÀBÁ TÉLỌ̀: Mo máa ń bu tiẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, kí n sáré padà sídìí iṣẹ́.

NỌ́Ọ̀SÌ: Bàbá, ó jọ pé ajá yìí ò ṣàìsàn o. Ó ń dúró dè yín ni.

BÀBÁ TÉLỌ̀: Dè mí? Láti ṣe kí ni?

NỌ́Ọ̀SÌ: Kí ẹ wá jókòó, kí ẹ jọ jẹun.

(Bàbá Télọ̀ wo ajá, ajá wò ó. Nọ́ọ̀sì gbé báàgì rẹ̀, ó bọ́ sí yàrá ẹ̀yìn níbi tí sítóòfù wà, ó gbé ìkòkò kaná. Ó kó ìrẹsì sí i, kárọ́ọ̀tì wíwọ́ méjì, elégédé díẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ adìyẹ tó rà bọ̀ nínú báàgì. Nígbà tó jinná, ó pe Bàbá.)

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ wò ó o. Ìkòkò kan, iná kan. Kí iyọ̀ àti àlùbọ́sà tó wọ ibẹ̀, ẹ bu ṣíbí kan fún ajá, ẹ dà á sórí bisikíìtì ẹ̀. Sórí bisikíìtì o! Èyí tó kù, ẹ wá fi iyọ̀ sí i, ẹ fi àlùbọ́sà sí i, tiyín nìyẹn. Ẹ ò náwó ọ̀tọ̀.

BÀBÁ TÉLỌ̀: Ìyẹn ni pé oúnjẹ ajá ni mo máa máa jẹ?

NỌ́Ọ̀SÌ: Rárá. Oúnjẹ yín ni ajá máa máa jẹ.

BÀBÁ TÉLỌ̀: Ẹ̀n-ẹ́n. Èyí ló bójú mu.

(Wọ́n gbé abọ́ ajá sílẹ̀. Ajá gbóòórùn rẹ̀, kò jẹ ẹ́. Ó gbójú sókè, ó ń wo Bàbá. Bàbá fa àga, ó jókòó, ó bu ìrẹsì sẹ́nu. Lẹ́yìn náà ló súfèé díẹ̀. Ajá ju ìrù lẹ́ẹ̀kan, ó ki ẹnu bọ abọ́, kò sì gbé orí sókè mọ́ títí abọ́ fi mọ́ fóó.)

BÀBÁ TÉLỌ̀: (ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú) Àlùbọ́sà yìí mú jù.

NỌ́Ọ̀SÌ: N ò tíì fi àlùbọ́sà sí i, Bàbá.

BÀBÁ TÉLỌ̀: Jẹun ẹ, jàre.

NỌ́Ọ̀SÌ: Kó lè dá wa lójú, ẹ mú un wá sílé ìwòsàn lọ́jọ́ Ẹtì, kí a gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára ẹ̀. Kò gbọdọ̀ jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà kó tó dé.

BÀBÁ TÉLỌ̀: Kò gbọdọ̀ jẹun? Èmi náà ò ní jẹ.

NỌ́Ọ̀SÌ: Bàbá, ajá nìkan lọ̀rọ̀ kàn. Ẹ̀yin ẹ jẹ tiyín.

BÀBÁ TÉLỌ̀: Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbọ́ ọ yékéyéké. Ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbààwẹ̀ nítorí mi, ṣé n ó wá máa jẹun níṣojú ẹ̀? Ó tì o! Ohun tí ojú ẹ̀ bá rí ni ojú mi máa rí. Aago mélòó ni kí a dé ọ̀dọ̀ yín?

NỌ́Ọ̀SÌ: Aago mẹ́wàá.

BÀBÁ TÉLỌ̀: (ó tún ìrẹsì bù) Bá wa fà á sí aago méje, ọmọ mi. Ìfẹ́ àárín wa ò tíì dàgbà tó aago mẹ́wàá.