Ìwé Pípé Tó Ti Àgbà Mẹ́ta Mọ́lé

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí yìí, ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà pé ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ta ni nínú yín tó mọ ibi tí òwe náà ti ṣẹ̀? Kò sí. Ẹ kàn ń pa á kiri ni. Ó dáa, ẹ fetí sílẹ̀, kí ẹ yéé fi òwe olówe ṣakọ.

Ní Ìkìrun ni. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Láṣẹ́bìkan, iṣẹ́ ìwé dídì ló ń ṣe. Òun ló dá Eré Ẹgàn sílẹ̀. Orí tábìlì ni wọ́n ti ń ṣe eré náà. Ẹnì kan á máa sọ ìtàn, àwọn yòókù á mú ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ìtàn náà, wọ́n á máa sọ ohun tí ẹni wọn fẹ́ ṣe, dáìsì ni yóò sì sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Gbogbo òfin rẹ̀ wà nínú ìwé. Láàárín ogójì ọdún, ìwé náà jáde lẹ́ẹ̀mẹta, Láṣẹ́bìkan ò sì fún wọn lórúkọ kankan ju Èkíní, Èkejì àti Ẹ̀kẹta lọ.

Nígbà tí ikú dé, Láṣẹ́bìkan na ìwé kẹrin tí kò tíì parí sí Morónkéjì ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Má jẹ́ kí eré yìí bá mi wọlẹ̀ o."

Ọdún méjì ni Morónkéjì fi parí rẹ̀. Nínú àwọn tó ti ń ṣeré náà látìbẹ̀rẹ̀, ẹni mẹ́ta péré ló kù. Bí àwọn mẹ́ta yìí bá ní àwọn ò fẹ́ ìwé tuntun, kò sẹ́ni tí yóò fi kọ́ àwọn ọmọdé mọ́, eré náà kú nìyẹn. Ẹ̀rù wá ń ba Morónkéjì. Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tí ara rẹ̀ ò dá lójú ló máa ń wá orúkọ ńlá kiri. Lójú tirẹ̀, Ẹ̀kẹrin dà bí orúkọ ẹni tó pẹ́ dé òde. Ó wo Aláìlẹ́gbẹ́, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Níkẹyìn, ó fi yíǹkì pupa kọ PÍPÉ sára ẹ̀yìn ìwé.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn àgbà mẹ́ta náà dé ilé Morónkéjì láti dán ìwé wò: Alájì Múfútáù, akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, Ìyá Bùsúyì, agbẹ̀bí, àti Bàbá Fákúnlé, àgbẹ̀ kòkó. Morónkéjì bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ó ní òjò lé wọn wọ ilé kan nínú ẹgàn, nínú igbó kìjikìji, atẹ́gùn sì pa ilẹ̀kùn dé mọ́ wọn. Nígbà tí òjò dá, Bàbá Fákúnlé mú dáìsì.

"Mo fẹ́ ṣílẹ̀kùn."

"Ẹ dúró ná," ni Alájì wí. Ó fi awò sójú, ó ṣí ìwé láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó tún ṣí i láti ẹ̀yìn dé iwájú. "Nínú Ẹ̀kẹta, ojú ewé kejìlá, bí dáìsì bá bọ́ sórí ẹ̀ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilẹ̀kùn á ṣí. N kò rí i níbí."

"Mo yọ ọ́ ni, sà. Ta ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn?"

"Kí lorúkọ ìwé yìí?"

"Pípé ni, sà."

"Tó bá ti pé, ohun tí kò sí nínú rẹ̀ kò sí láyé. Ilẹ̀kùn ò ṣeé ṣí."

Ìyá Bùsúyì ní kí wọ́n gba ojú fèrèsé. Fèrèsé ò sí nínú ìwé. Bàbá Fákúnlé ní òun á pariwo. Ariwo ò sí nínú ìwé. Báyìí ni ilẹ̀ ṣe ń ṣú lọ, tí àgbà mẹ́ta sì lọ sílé wọn ní ẹlẹ́wọ̀n.

Lọ́jọ́ Ajé, ìyàwó Bàbá Fákúnlé gbé ọ̀ọ̀lẹ̀ wá. "Morónkéjì, jọ̀wọ́, tú ọkọ mi sílẹ̀. Kò lọ sóko. Ó ní wọ́n ti òun mọ́lé." Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, káfíńtà kan dé pẹ̀lú òòlù, ó ní òun gbọ́ pé ilẹ̀kùn há mọ́ àwọn àgbà. Morónkéjì ṣàlàyé títí pé ilé ọ̀hún ò sí níbì kankan.

"Ilé tí kò sí," ni káfíńtà wí, "tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì há." Ó wò ó tàánútàánú, ó ní Ọlọ́run á wo gbogbo wa sàn, ó sì gbé òòlù rẹ̀ lọ.

Nígbà tí Sátidé tún pé, tí Alájì tún ń ṣí ìwé láti iwájú dé ẹ̀yìn, Morónkéjì sá wọ ilé ìdáná, ó sunkún. Ó ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé iṣẹ́ tí bàbá òun fi ogójì ọdún ṣe, ọwọ́ òun ló bàjẹ́ sí. Ó nu ojú, ó jáde sí wọn.

"Ẹ má bínú. Ìwé yìí ò pé. Ẹ̀rù ló bà mí tí mo fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Alájì bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ta ni tiẹ̀ ti pé rí? Nígbà tí bàbá rẹ kọ Èkíní, ó gbàgbé láti kọ ọ́ pé èèyàn lè jókòó. Oṣù mẹ́ta la fi dúró. Orúnkún mi ò tíì dárí jì í."

"Bí a ò bá tíì lè jáde," ni Bàbá Fákúnlé wí, "ẹ jẹ́ ká kúkú wo ilé yìí. Kí ló wà nínú rẹ̀?"

Morónkéjì ò tíì ronú kàn án rí. Ó kàn ń sọ èyí tó bá wá sí i lẹ́nu: àga kan tí wọ́n fi wáyà so ẹsẹ̀ rẹ̀, òórùn sítáàṣì tí wọ́n fi ń lẹ ìwé, ògiri tí wọ́n fi èédú sàmì sí bí ọmọ kan ṣe ń ga sí i lọ́dọọdún.

"Ilé Láṣẹ́bìkan nìyẹn," ni Ìyá Bùsúyì wí. "Ibẹ̀ ni mo ti gbẹ̀bí rẹ. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ńkọ́?"

"Kò sí, mà. Bàbá mi ti yọ ọ́." Ẹ̀rín gbà á lẹ́nu. "Òun ni wọ́n fi kan tábìlì yìí."

Gbogbo wọn wo abẹ́ ọwọ́ wọn. Ojú ihò ìdè ilẹ̀kùn ṣì wà lára pákó. Alájì tún ṣí ìwé. "Ẹnu ọ̀nà tí kò nílẹ̀kùn, rírìn ló gbà. Rírìn, ojú ewé kìíní. Ó wà níbẹ̀!" Bí àgbà mẹ́ta ṣe fẹsẹ̀ rìn jáde lẹ́yìnkùlé nìyẹn, láìda dáìsì kankan.

"Ọmọ ti jáde," ni Ìyá Bùsúyì wí, ó ń nàka sí ìwé náà. "Sọ ọ́ lórúkọ."

Morónkéjì wo tábìlì náà pẹ́. "Ilésanmí," ló wí, omijé sì tún bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ti ìbànújẹ́.

Alájì fi rúlà fa igi la Pípé kọjá, ó kọ Ilésanmí sí i, ó sì kọ òfin tuntun kan ṣíwájú gbogbo òfin yòókù. Káfíńtà ọjọ́sí ló gbé òfin ọ̀hún dé ìgboro, ìlàjì ìtàn ló sì gbọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá débi ìkómọ tí ẹ rí bàbá ọmọ tó ń wo àjà, tó ń fọwọ́ pa ògiri, tó tún lọ yẹ ẹ̀yìnkùlé wò bóyá ilẹ̀kùn ṣì wà níbẹ̀, ẹ má fi í ṣẹ̀sín. Òfin Alájì ló ń pa mọ́. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.