Ẹrù Java tí Káábírù Dì

Ẹ má ṣe dá àwọn tó ń pe Abdulkabir ní òpùrọ́ lóhùn. Káábírù kì í purọ́. Òtítọ́ ni kì í tó o, bí iyọ̀ ṣe kì í tó àwọn kan lọ́bẹ̀: kí wọ́n tó tọ́ ọ wò, wọ́n ti bù kún un. Bí Káábírù bá rí ejò kékeré kan nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kó tó délé ejò náà ti di erè. Kó tó jẹun tán, erè ti gbé ewúrẹ́ mì. Nígbà tó bá fi di ọjọ́ kejì, Káábírù fúnra rẹ̀ ló ti ọwọ́ bọ ọ̀fun erè, tó fa ewúrẹ́ náà yọ láàyè!

Ìlaro ló ń gbé. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan níbi tó ti ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Iṣẹ́ gidi ni, kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Yóò gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, yóò wo òkè bí ẹni pé ìdáhùn wà lára páànù, yóò wá ní, "Èmi? Èmi ni mò ń di ẹrù Java fún Linux."

Ọ̀rọ̀ náà gba àlàyé díẹ̀. Linux ni ohun tó ń darí kọ̀ǹpútà, bí awakọ̀ ṣe ń darí ọkọ̀. Ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀, àwọn ọmọ Yorùbá kan tó fọ́n káàkiri ayé sì ní tiwọn, wọ́n ń pè é ní Linux Ayékòótọ́. Ayékòótọ́ yìí ní àká kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà yín ṣe, inú àká náà lẹ ó ti mú un, lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n àká lófin. Ẹni tó bá fẹ́ kó nǹkan wọ ibẹ̀, ìyẹn ẹni tó ń di ẹrù, tútù ni kó kó o wá, bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Àwọn tó ń ṣọ́ àká ni wọn yóò sè é fúnra wọn, nínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, tí íńtánẹ́ẹ̀tì kò dé, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí ohun tó wọ ìkòkò. Gbogbo èròjà ọbẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ti wà nínú àká ṣáájú. Ẹni tó bá kó sísè wá, onífàyàwọ́ ni.

Java, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ sọ́fítíwíà, ló wá nira jù nínú gbogbo wọn, nítorí Java kì í dá rìn. Ẹ pè é wá jẹun, yóò kó láíbúrárì rẹpẹtẹ lẹ́yìn, ìyẹn àwọn sọ́fítíwíà kéékèèké tí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí wọn. Láíbúrárì kọ̀ọ̀kan á mú àna rẹ̀ wá, àna á mú alájọgbé, wọ́n á kún pálọ̀ yín, ẹ ò sì ní mọ ẹni tó pe ta. Láíbúrárì tí wọ́n bá ti sè tán ni wọ́n ń pè ní jáà. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ di ẹrù Java ẹyọ kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di ti gbogbo mọ̀lẹ́bí rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, ní tútù. Iṣẹ́ sùúrù ni.

Káábírù kò tíì di ẹyọ kan rí. Ó kàn ti kà nípa rẹ̀ ni.

Ohun kan ṣoṣo ló wà láyé rẹ̀ tí kì í bù mọ́, ìyẹn ni ìfẹ́ Bàlíkísù. Bàlíkísù ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní Ayétòrò. Ó ti gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá fún àtúnṣe rí, Káábírù tún un ṣe, ọkàn rẹ̀ sì bá láptọ́ọ̀pù náà lọ. Wọ́n ti fẹnu kò láti fẹ́ ara wọn. Ó wá ku bàbá rẹ̀, Bàbá Ṣàíbù, ní Ìwòyè-Kétu.

Ta ni kò mọ Bàbá Ṣàíbù ní bodè? Kó tó lọ sí Mẹ́kà, kó tó di ẹni tó ń jókòó síwájú ní mọ́ṣáláṣí, ìrẹsì ló ń kó gba inú igbó wọlé. Ó kó o sábẹ́ gaàrí, ó kó o sábẹ́ èédú, ó kó o sábẹ́ ìgbẹ́ adìẹ. Wọ́n ní ó kó o sínú pósí lọ́jọ́ kan, ó to àwọn obìnrin tó ń sunkún yí i ká, aṣọ́bodè tó dá wọn dúró sì bá wọn sunkún títí ó fi ṣí ọ̀nà fún òkú.

Nígbà tí Káábírù kọ́kọ́ lọ kí i, Bàbá bi í pé, "Kí niṣẹ́ ẹ?"

Bàlíkísù tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ó ti bẹ̀ ẹ́ lọ́nà pé kó sọ ti láptọ́ọ̀pù, kó sì dákẹ́.

"Ẹrù ni mò ń dì, Bàbá," ni Káábírù wí. "Ẹrù Java. Kò sí kọ̀ǹpútà kan láyé yìí tíṣẹ́ ọwọ́ mi ò sí nínú ẹ̀. Àwọn òyìnbó gan-an, bí mi ò bá dì í, kí ni wọ́n fẹ́ lò?"

Bàbá tó ti fẹ́yìn ti àga dìde jókòó. "Ẹrù dídì? Ẹ̀n-ẹ́n! Iṣẹ́ àwa nìyẹn." Ó wo Káábírù látòkè délẹ̀. "Ó dáa. Mi ò lè fọmọ fẹ́ni tíṣẹ́ ẹ̀ wà lófuurufú. Sátidé tó ń bọ̀, gbé ọ̀kan tó o dì wá kí n fojú rí i. Bí mo bá ti rí i, ká mú ọjọ́."

"Bàbá, ẹ ti rí i tán!"

Bí Káábírù ṣe padà sí Ìlaro, ó wá sọ́fítíwíà Java kan tó ń sọ àkókò ìrun. Ìyẹn yóò wọ Bàbá lọ́kàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dì í. Sọ́fítíwíà ní òun fẹ́ láíbúrárì kan. Láíbúrárì náà ní wọn ò lè sè òun àfi kí wọ́n kọ́kọ́ sè òmíràn. Òmíràn ní kò burú, àmọ́ wọn ò lè sè òun náà àfi kí wọ́n ti sè ti àkọ́kọ́. Ìyàwó ní òun ò wọlé àfi kí ọkọ kọ́lé, ọkọ ní òun ò kọ́lé àfi kí ìyàwó wọlé! Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà á jókòó, wọ́n á fara balẹ̀ tú u. Káábírù wò ó títí tíì tó ń mu fi tutù.

Ó wá fọwọ́ gbá tábìlì. "Ọmọ bodè mà ni mí!"

Òótọ́ ni, Ìhunbọ̀ ni wọ́n bí ìyá rẹ̀ sí, kò sì jìnnà síbi tí ilẹ̀ ti pín. Ó kó gbogbo jáà tó ti jinná lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó kó wọn sínú fódà kan, ó sọ fódà náà ní "Àwòrán", ó sì ju àwòrán mọ́ṣáláṣí kan lé wọn lórí. Ó sè é wò lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ó jinná wẹ́rẹ́. Ó fi ránṣẹ́ sí àká.

Èsì kò tíì dé tí Káábírù fi tẹ "Ọ̀GÁ NÍNÚ ẸRÙ DÍDÌ" gàdàgbà sẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan. Ṣẹ́ẹ̀tì yìí ló wọ̀ lọ sí Ìwòyè-Kétu ní Sátidé.

Bàbá Ṣàíbù ti pe àwọn àgbà tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ nígbà kan rí, wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tó fẹ́ wo bọ́ọ̀lù. Káábírù gbé láptọ́ọ̀pù kalẹ̀, ó ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sókè.

"Ẹ̀yin bàbá mi, màá fa iṣẹ́ ọwọ́ mi yọ látinú àká báyìí, lójú yín kòrókòró."

Fóònù rẹ̀ dún. Gbogbo èèyàn bodè ló mọ ìró náà. "Bienvenue au Bénin," ni wọ́n kọ síbẹ̀, íńtánẹ́ẹ̀tì sì kú.

"Fóònù ẹ ti ré bodè kọjá," ni Bàbá wí. "Ìwọ ńkọ́, ṣé o ṣì wà níbí?"

Káábírù bẹ̀rẹ̀ sí í wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà kiri àgbàlá. Ó na fóònù sókè nídìí kànga, ó nà á sókè nídìí ààrò. Níkẹyìn ó gun orí ilé adìẹ Màmá Jẹ̀mílátù, ìyá Bàlíkísù. Igi rẹ̀ ti jẹrà. Igi ké, adìẹ ké, Káábírù náà ké, gbogbo wọn sì balẹ̀ pọ̀ gbìràmù.

"Adìẹ mi o!" ni Màmá Jẹ̀mílátù kígbe.

Káábírù rá jáde, ìyẹ́ adìẹ wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. "Ẹ má fòyà, Màmá. Bá a ṣe máa ń ṣe é nínú Linux nìyẹn."

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà dé lóòótọ́. Kí ó tó tẹ nǹkan kan, ìpè wọlé. Dámilọ́lá ni, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ àká Ayékòótọ́.

"Ta nìyẹn?" ni Bàbá bi í.

"Ọmọ abẹ́ mi ni, Bàbá. Ó ní láti jẹ́ pé ó fẹ́ gba àṣẹ."

"Jẹ́ ká jọ gbọ́ ọ."

Ojú àwọn àgbà wà lára rẹ̀. Ó jẹ́ kí ohùn fóònù náà jáde síta.

"Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n," ni Dámilọ́lá wí. "Ẹ̀yin lẹ fi àkókò ìrun ránṣẹ́?"

"Èmi ni o, Dámilọ́lá! Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé wọ́n ń ṣiṣẹ́?"

"Àwọn ọmọ wo, sà? A ò mọra rí o. Ẹ jọ̀ọ́, a ti dá ẹrù yín padà. Àwòrán ẹyọ kan lẹ ní ó wà nínú fódà, àmọ́ ó wúwo débi pé ẹ̀rù bà wá. Nígbà tá a tú u, jáà ló kún abẹ́ ẹ̀ bámúbámú."

"Jáà kẹ̀? Ó ní láti jẹ́ pé wọ́n yọ́ wọlé."

"Wọ́n yọ́ wọlé, wọ́n tún wá to ara wọn lẹ́sẹẹsẹ?"

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀, tó ti fi gèlè bojú. "Bàlíkísù, kí ni wọ́n ń wí?"

"Bàbá, tútù ni wọ́n ní kó kó wá. Sísè ló kó wá, ó wá fi àwòrán bò ó." Ó mí kanlẹ̀. "Ìrẹsì abẹ́ gaàrí ni."

"Háà!" ni gbogbo bẹ́ǹṣì wí.

Ojú Bàbá Ṣàíbù ń dán. Ọkàn Káábírù balẹ̀ wọ̀ọ̀. Ṣé ológbò á bá ológbò bíi tirẹ̀ wí pé ó pa eku ni? Ó dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ̀yin náà ṣáà mọ bó ṣe máa ń rí."

"Dìde. Kí lo fi bò ó?"

"Àwòrán mọ́ṣáláṣí, Bàbá."

"Ẹyọ kan? O fi kóńgò gaàrí kan bo lọ́rì ìrẹsì?"

"Ó... ó fẹ̀ díẹ̀, Bàbá."

"Ṣó o pààrọ̀ àpò wọn?"

"Rárá. Orúkọ wọn ṣì wà lára wọn."

"Orúkọ wọn ṣì wà lára wọn!" Bàbá wo àwọn àgbà, àwọn àgbà wo ilẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń gbọn orí bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ òkú fún. "Ṣó o kọ́kọ́ rán ẹnì kan wo ojú ọ̀nà? Ṣó o mọ ìgbà táwọn aṣọ́bodè ń jẹun?"

"Mi ò ronú kan ìyẹn, Bàbá."

Bàbá ṣí fìlà. "Ọmọ mi ò ní fẹ́ onífàyàwọ́."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ̀yin náà ṣe é rí!"

"Èmi?" Bàbá Ṣàíbù na ìka sí gbogbo bẹ́ǹṣì. "Ta ló mú mi rí?"

Dámilọ́lá nìkan ló sọ̀rọ̀ látinú fóònù. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n ti máa lọ?"

Bàlíkísù sìn ín dé ìdí ọ̀kadà. Kò bínú, ìyẹn ló sì dun Káábírù jù. "Láptọ́ọ̀pù tó o tún ṣe fún mi ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní," ló wí. "Ìyẹn ò bá tó Bàbá. Lójú ìwọ ni ò ti tó." Ìtìjú gba Káábírù, ó sì wù ú kó sunkún.

Bàbá pè é padà, ó gbé àpò gaàrí kan lé e lọ́wọ́. "Fún ìyá ẹ. Àgbà kì í wà ní bodè kẹ́rù ọmọdé wọ́. Nígbà tó o bá di ẹrù tó gba ẹnu ibodè kọjá, padà wá."

Kò tíì rìn jìnnà tí àwọn aṣọ́bodè fi ní kí ọ̀kadà kọjá. Ó kọjá. Ìgbà náà ni wọ́n ka ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Ọ̀gá nínú kí ni? Ẹ dúró! Sọ̀ kalẹ̀! Kí ló wà nínú àpò yìí?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Káábírù kò bu nǹkan kan kún ọ̀rọ̀. "Gaàrí ni, ọ̀gá. Gaàrí lásán."

Wọ́n fi irin gígùn gún un lókè, wọ́n gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Gaàrí ló bá irin jáde. Wọ́n ní kó máa lọ. Káábírù ronú títí dé Ìlaro pé àṣé sísọ òtítọ́ kò nira tó bẹ́ẹ̀.

Nílé, ìyá rẹ̀ gbé báàfù, ó da àpò náà sínú rẹ̀. Gaàrí jáde, gaàrí jáde, lẹ́yìn náà nǹkan mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í dún ṣààrà nínú báàfù. Káábírù wò ó, ó gbá fóònù mú.

"Bàbá! Ìrẹsì ló wà lábẹ́ gaàrí yín!"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ṣé wọ́n dá ẹ dúró?"

"Wọ́n dá mi dúró, Bàbá."

"Ṣé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Wọ́n fi irin gún un."

"Ṣé wọ́n rí i?"

"Wọn ò rí i, Bàbá."

"Ẹrù dídì nìyẹn," ni Bàbá Ṣàíbù wí. "Ó yá, bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn."